Àwọn Tó Gun Òkè Mápó

Gbọ̀ngàn Mápó kì í ṣe ilé tí ènìyàn ń ṣèèṣì yà sí. Orí òkè ló wà. Bó o gba Bẹẹrẹ, bó o gba Ọjà'ba, bó o gba Ìdí-Arẹ̀rẹ̀, wàá gun òkè náà ni. Tó o bá wá dé iwájú àwọn òpó ńlá wọ̀nyẹn tó o yíjú padà, gbogbo Ìbàdàn àtijọ́ ló tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ, òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ọ̀kan ń ti èkejì, títí dé ibi tí ojú lè ríran dé. Mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya àwòrán níbẹ̀, inú mi sì máa ń dùn, torí ibẹ̀ dára ní wíwò. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń wá sọ́kàn mi ní tèmi ni àwọn tó gun òkè yẹn nígbà tí kò sí ẹni tó ń ya wọ́n ní fọ́tò: àwọn tó gbé ẹjọ́ wá, àwọn tó gbé owó orí wá, àwọn tó gbé ìbínú wá. Nítorí wọn ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ilé náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ti ṣí i kí wọ́n tó bí mi. Ọdún 1925 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sọlẹ̀, ó di 1929 kó tó parí, Kápútẹ́ẹ̀nì Ross, Ajẹ́lẹ̀ Ẹkùn Ọ̀yọ́, ló sì ṣí i. Ẹnjiníà òyìnbó tó kọ́ ọ ń jẹ́ Jones, Taffy ni wọ́n máa ń pè é. Òun náà ló kọ́ ilé ìṣọ́ Láyípo sórí Òkè Àárẹ ní 1936, ní ìrántí Kápútẹ́ẹ̀nì Bower, ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó fi jókòó sí Ìbàdàn ní 1893. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni bàbá mi nígbà tí wọ́n ń kọ́ Mápó. Ó ní ohun tó ya àwọn lẹ́nu jù lọ ni bí àwọn òpó iwájú ṣe tóbi tó, torí òpó igi ni gbogbo àwọn mọ̀ nílé, èyí tí òjò àti ikán ń bá jà. Ó ní àwọn àgbà ilé àwọn bèèrè pé ta ló fẹ́ gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ibẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn ni wọ́n kọ́ ọ fún, kí Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè máa jókòó níbẹ̀, kí àwọn akọ̀wé máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ìṣúra ìlú wà níbẹ̀. Ó yẹ ká rántí irú àkókò tó jẹ́. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni Ross àti Aláàfin Ládìgbòlù, Ross kò sì fi pamọ́ pé abẹ́ Ọ̀yọ́ ló yẹ kí Ìbàdàn wà. Ní ọdún kan náà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ Mápó sọlẹ̀ ni wọ́n yọ Baálẹ̀ Sítù lóyè, Oyèwọlé ló sì jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ńlá fún Ìbàdàn, ìgbà náà gan-an ni agbára Ìbàdàn kéré jù lọ lójú ara rẹ̀. Ross lọ ní 1931. Ní 1934, Ìbàdàn bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ní 1936, láyé Abásì Òkúnọlá, Baálẹ̀ di Olúbàdàn. Mo gbà pé láti ìgbà náà ni Mápó tó di ilé Ìbàdàn ní tòótọ́, torí ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò tún dúró de àṣẹ láti Ọ̀yọ́ mọ́.

Àwọn ọ̀làjú ìlú náà kò sùn. Ní 1930 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ibadan Progressive Union sílẹ̀, Akínpẹ̀lú Ọ̀bísẹ̀san sì wà lára àwọn tó dúró gangan níbẹ̀, ẹni tó wá di olórí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lẹ́yìn náà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí àwọn tó kàwé ní àyè nínú ìgbìmọ̀, kó má jẹ́ ìjòyè nìkan ni yóò máa pàṣẹ. Ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ kó tó yọrí. Ọ̀pọ̀ ìjòyè kò rí ìdí tí ọmọ àná yóò fi wá bá àwọn tó gba oyè jagunjagun jókòó.

Ohun tí èmi kọ́kọ́ mọ̀ nípa Mápó, láti ẹnu àgbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Oko bàbá mi wà lójú ọ̀nà Akanran, kòkó ló ń ṣe. Lẹ́yìn ogun Hitler, àrùn kan mú kòkó, ìjọba sì ní kí wọ́n máa gé igi tó bá ti ní in. Àwọn tó ń gé e máa ń dé láàárọ̀ kùtù, wọ́n á fi ọ̀dà sàmì sára igi, wọ́n á sì gé e lulẹ̀ lójú olóko. Igi tí ènìyàn gbìn tó ń retí ọdún púpọ̀ kó tó so! Èmi kéré, ṣùgbọ́n mo rántí bàbá mi tó jókòó sórí kùkùté, tí kò sọ̀rọ̀, tí ìyá mi sì ní kí n má lọ bá a. Ìbínú yẹn ló bí Ẹgbẹ́ Máyégún, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́jà, wọ́n sì gbé e gun òkè Mápó.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí kòkó nìkan, ó ti di ti Salami Àgbájé. Olówó ni Àgbájé, oníṣòwò ńlá tó ti ń fi mọ́tò rìn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú kò tíì rí i, oyè Ọ̀tún Balógun sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé ó ń sún mọ́ Olúbàdàn. Láti 1949 ni àwọn ìjòyè kan àti Ẹgbẹ́ Máyégún ti dìde pé kí wọ́n yọ ọ́. Ìjọba rán òyìnbó kan, Butcher, láti wá wádìí. Ìwádìí náà kò yọ Àgbájé, ó tiẹ̀ padà di Balógun kó tó kú ní 1953, ṣùgbọ́n ó yí ìlú padà: ní 1951, Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, ó dá dúró. Àwọn ìlú tí àṣẹ Mápó ń dé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún ara wọn. Bàbá mi máa ń sọ pé àwọn lọ bá wọn jà nítorí kòkó, àwọn padà wálé pẹ̀lú Ìbàdàn tó ti kéré sí i. Ó sọ ọ́ tìbànújẹ́tìbànújẹ́, kò sì dá Àgbájé lẹ́bi mọ́ nígbà tó darúgbó.

Ẹ̀yin tó gbọ́ orúkọ Adégòkè Adélabú nínú ìwé nìkan, ẹ kò lè mọ bó ṣe rí. Ọmọ iléèwé ni mí ní 1954 nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Mábọlájẹ́ rẹ̀ àti NCNC gba ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, tó sì di alága. Tó bá ń bọ̀ ní Mápó, ọjà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Àwọn obìnrin á pa igbá tì, a ó sá kúrò ní kíláàsì tí tíṣà bá yíjú. Ènìyàn kúkurú ni, kò ga rárá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń dé ẹ̀yìn èrò láìlo ẹ̀rọ. Àwọn tí kì í gòkè Mápó bí kì í bá ṣe pé wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n wá ń gòkè láti lọ gbọ́ ohun tí ẹni tí wọ́n dìbò fún fẹ́ sọ. Ohun tó tóbi ni èyí. Ní 1955, Nicholson wá wádìí ìṣàkóso ìgbìmọ̀ náà, àbájáde rẹ̀ sì le fún Adélabú, ó fi ipò alága sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1958, ó kú nínú ìjàǹbá mọ́tò lẹ́bàá Òde-Rẹ́mọ, nígbà tó ń ti Èkó bọ̀. Rògbòdìyàn tó tẹ̀lé e, n kò fẹ́ máa sọ ọ́ lọ títí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ. Ìyá mi ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, a sì ń gbọ́ ẹkún láti ilé dé ilé.

Lásìkò yẹn, Isaac Babalọlá Akínyẹlé ni Olúbàdàn, ẹni tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, tó ti ṣe adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀, tó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ Àpósítélì. Ọba tó kàwé. Tó bá jókòó ní Mápó, gbogbo ilé á dákẹ́. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn tó ń kọ ìtàn wa fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Adélabú, kì í ṣe kí wọ́n fi ọ̀kan bo èkejì, torí ilé kan náà ni àwọn méjèèjì lò, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fi lò ó.

Lẹ́yìn tí mo jáde ní iléèwé Módà ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ akọ̀wé kékeré ní Mápó. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ńlá, ìwọ̀nba ló mọ̀ pé iléèwé ni ilé yẹn jẹ́ fún àwa tá a bá wọlé síbẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀dù, kò sí ṣọ́ọ̀kì. Àgbà akọ̀wé kan ló kọ́ mi, bàbá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ayé ọba Òkúnọlá. Ó máa ń pè mí jókòó tì í lẹ́yìn ìpàdé pé, "Akin, kà á sí mi létí." N ó ka ohun tí mo kọ. Bí mo bá ti kọ èrò tèmi mọ́ ọ̀rọ̀ ìjòyè, á mọ̀. Á ní, "Balógun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Balógun sọ ni kó o kọ." Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà sí fáìlì, bí wọ́n ṣe ń di òwú mọ́ ọn, àti pé ìwé tí kò bá ní ọjọ́ lórí, bíi pé wọn kò kọ ọ́ ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé akọ̀wé ìpàdé ń gbé ẹ̀rí ró fún àwọn tí kò tíì délé ayé.

Ó yá, wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka owó orí. Ìwé rìsíìtì wa nípọn. Wọ́n á fi pépà dúdú sáàárín ewé méjì, èyí òkè ni ti ẹni tó sanwó, èyí ìsàlẹ̀ ni ti ọ́fíìsì. O gbọ́dọ̀ fi agbára tẹ bírò kí orúkọ tó lè dé ewé ìsàlẹ̀. Lọ́wọ́ alẹ́, àtàǹpàkò mi á ti dúdú, ó máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí níbi tí mo bá ti na ọwọ́ gba nǹkan lọ́jà. Àwọn àgbẹ̀ á tò lórí àtẹ̀gùn láti òwúrọ̀. Wọ́n á tú owó lára aṣọ, owó tí wọ́n so kókó sí etí aṣọ, kókó náà á le, wọ́n á fi eyín tú u. Wọ́n á kà á fún mi, n ó tún un kà, n ó kọ orúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ kò lè kà á, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣẹ́ ìwé náà sí mẹ́rin, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ ju owó lọ, nítorí ẹni tí wọ́n bá mú lójú ọ̀nà oko tí kò bá ní rìsíìtì, ó di dandan kó tún san òmíràn tàbí kó sùn sí àtìmọ́lé.

Bàbá mi náà máa ń tò. Kò gbà kí n bá òun gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó ní bí òun bá gba ẹ̀yìn, kí ni àwọn ará abúlé yóò sọ? Á dé iwájú mi, á kí mi bó ṣe ń kí akọ̀wé yòókù, èmi á dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, á sanwó, n ó kọ orúkọ rẹ̀ síwèé.

Ní 1968, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, owó kòkó kò pé, owó orí sì ń wúwo sí i. Ọ̀nà abúlé kò ṣeé gbà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba owó orí ń rí i gbà dáadáa. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ní àwọn lè san ni ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Wọ́n sọ ọ́ ní abúlé, wọ́n sọ ọ́ lọ́jà, kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n gbéra láti oko, ọ̀pọ̀ láti ìhà Akanran, wọ́n forí lé Mápó.

Ohùn wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí wọn. Láti fèrèsé wa, ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀ kún fọ́fọ́, àdá, ìbọn ọdẹ, igi. Ọ̀gá wa ní kí a kó àwọn ìwé ńlá sínú àpótí irin kí a sì gba ẹ̀yìn jáde. Bí mo ṣe ń jáde ni mo rí àwọn tí mo mọ̀ láàárín wọn, àwọn tí mo ti kọ orúkọ wọn síwèé, ẹni tó máa ń mú àgbàdo wá fún ìyá mi, ẹni tó gbé mi kọjá odò nígbà tí mo kéré. Wọn kò rí mi, tàbí wọ́n rí mi wọn kò wò mí. Ìbọn ọlọ́pàá dún lọ́jọ́ náà. Ẹ̀mí ṣòfò. Bàbá mi kò sí níbẹ̀, àìsàn dè é mọ́lẹ̀ ní abúlé. Nígbà tó gbọ́, ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n tilẹ̀ dá wọn lóhùn?"

Ìjọba Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́ Ayọ̀ọlá ló darí rẹ̀. Ìjà náà kò tíì tán. Ní 1969, ó tún gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù Keje, àwọn àgbẹ̀ já ẹ̀wọ̀n Àgodi ní oṣù Kẹsàn-án, orúkọ Tàfá Adéoyè, aṣáájú wọn láti Akanran, sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ìjọba sì fi owó orí mọ sí pọ́n-ùn méjì ní oṣù Kẹwàá. Kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ wo iye tó ti kú, àgbẹ̀, ọlọ́pàá, ìjòyè. Ohun tí ìjọba gbà níkẹyìn kò jìnnà sí ohun tí àwọn àgbẹ̀ ti sọ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá. Mo mọ̀, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn lórí àtẹ̀gùn wa, mo sì ti gbé e sọ fún àwọn tó jù mí lọ. Ọkàn mi kò tíì kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí títí dòní.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e kò ní ohun púpọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ìjọba ológun ń lọ, òmíràn ń bọ̀, iṣẹ́ ń kúrò ní Mápó díẹ̀díẹ̀ lọ sí Àgodi. Ní 1991, wọ́n pín ìjọba ìlú Ìbàdàn sí márùn-ún, ibi tí Mápó wà bọ́ sí Gúúsù-Ìlà Oòrùn. Mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Mo gòkè lọ wò ó, òjò ń jò wọlé níbi kan, àwọn fáìlì sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní yàrá tí mo ti kọ́ṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó dá ilé ìṣúra ìwé ìtàn sílẹ̀ ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ìwé ayé òyìnbó ti wà níbẹ̀ ní ààbò. Níbẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ ka ohun tí Ross kọ nípa wa yóò lọ.

Ní tòdodo, wọ́n ti tún Mápó ṣe. Ó ti padà mọ́ ní rírí, ilé àpéjọ ni lónìí, wọ́n ń ṣe ìpàdé àti àpérò níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó. Ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń gbé ọ̀pá àṣẹ fún Olúbàdàn: Ọba Saliu Adétúnjí ní 2016, Ọba Lékan Balógun ní 2022, Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn ní 2024, Ọba Ràṣídì Ládọ̀jà ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Inú mi ń dùn sí i lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà oyè Ọ̀tún àti ìlà oyè Balógun ń yí po, ẹni tó kàn ń mọ̀ pé òun ló kàn, kò sì sí ìlú púpọ̀ tó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọba àti ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ nìkan ni àlejò máa ń gbọ́ tó bá débẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi àtẹ̀gùn tí àwọn àgbẹ̀ tò lé lórí hàn án. Ohun tí mo ń tọrọ kò ju yàrá kan lọ nínú ilé náà, níbi tí ọmọ iléèwé lè jókòó kí wọ́n sì kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀ láìfi tẹni kún un, níbi tí wọ́n lè ka ìwé ìwádìí Butcher, ti Nicholson àti ti Ayọ̀ọlá lórí tábìlì kan náà, kí wọ́n sì rí rìsíìtì owó orí. Rìsíìtì bàbá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, èyí tí èmi fúnra mi kọ wà lára wọn. Mo ti sọ fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó ilé náà pé ọjọ́ tí wọ́n bá ti ya yàrá náà sọ́tọ̀, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi, n ó kó wọn wá. Àwọn ìdílé mìíràn lójú ọ̀nà Akanran náà ní tiwọn. Mo ti lọ bá mẹ́ta nínú wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà.